Ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò fún iṣẹ́ àtiléṣe: láti lẹ́tà ìkésíni dé owó oṣù àkọ́kọ́

Ilé iṣẹ́ kan ní London tàbí New York ti ka CV yín, wọ́n sì kọ̀wé pé àwọn fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ lórí fídíò. Ẹ̀yin wà ní Ìbàdàn, Èkó, Abẹ́òkúta tàbí Òṣogbo, ilé yín níbẹ̀ lẹ ó sì ti máa ṣiṣẹ́ náà. Iṣẹ́ dídá oníbàárà lóhùn la ó máa fi ṣe àpẹẹrẹ níbí, ṣùgbọ́n ẹni tó ń kọ kóòdù, tó ń ṣírò owó tàbí tó ń ya àwòrán lè gba ọ̀nà kan náà.

Ẹni tó fẹ́ gba òṣìṣẹ́ tí kò ní máa fojú rí lè béèrè ogún ìbéèrè, ṣùgbọ́n ẹyọ kan ló wà lọ́kàn rẹ̀: bí mi ò bá sí nítòsí, ṣé iṣẹ́ á máa lọ? Láti ọjọ́ tí lẹ́tà ti dé lẹ ti ń dá a lóhùn, pẹ̀lú ímeèlì tí ẹ kọ, iye wákàtí tí ẹ fi fèsì, àti bí ẹ ṣe sọ fún un pé iná lọ. Ìdí nìyí tí a fi máa pẹ́ lórí ìmúra ju lórí ìpè gan-an lọ.

1. Ẹ kọ́kọ́ mọ̀ bóyá ilé iṣẹ́ gidi ni

Ẹ wo ohun tó tẹ̀lé àmì @ nínú ímeèlì wọn, kí ẹ fi wé àdírẹ́sì wẹ́búsáìtì ilé iṣẹ́ náà, lẹ́tà sí lẹ́tà. Àwọn oníjìbìtì máa ń yí ẹyọ lẹ́tà kan padà tàbí kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ kan kún ìdí rẹ̀. Ẹ má tẹ líǹkì tó wà nínú lẹ́tà. Ẹ fọwọ́ ara yín tẹ àdírẹ́sì wẹ́búsáìtì náà, kí ẹ wá ojú ewé tí wọ́n ń kọ iṣẹ́ tó ṣí sílẹ̀ sí. Bí iṣẹ́ yín kò bá sí níbẹ̀, ẹ kọ̀wé sí wọn láti orí wẹ́búsáìtì yẹn, kí ẹ bi wọ́n léèrè.

Ilé iṣẹ́ gidi kì í gbowó lọ́wọ́ ẹni tó ń wáṣẹ́. Ìbáà jẹ́ owó fọ́ọ̀mù, owó ẹ̀kọ́ tàbí owó láptọ́ọ̀pù, ẹ má san án. Èyí tó burú jù ni pé àwọn oníjìbìtì á kọ́kọ́ fowó ránṣẹ́ sí yín, wọ́n á ní kí ẹ fi ra irinṣẹ́ lọ́wọ́ ẹnì kan tí àwọn mọ̀. Ẹ ó fowó ránṣẹ́ sí ẹni náà. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, báńkì á gba owó àkọ́kọ́ padà nítorí pé sọ̀wédowó ayédèrú ni tàbí pé owó olówó ni, gbèsè á sì di tiyín. BVN àti OTP kò kan agbanisíṣẹ́ kankan. Ó lè béèrè páásípọ́ọ̀tù tàbí NIN láti fi mọ̀ yín, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn tí ìwé àdéhùn bá ti dé ni, kì í ṣe kí ẹ tó rí ojú ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀yin tó ń kọ kóòdù, ẹ ṣọ́ra fún iṣẹ́ ìdánwò tí wọ́n ní kí ẹ gbà sórí kọ̀ǹpútà yín kí ẹ sì ṣí i. Àwọn olè kan ti ń fi ọ̀nà yìí gbé kóòdù tó ń ṣe ìjàǹbá (malware) wọlé, wọ́n á sì kó ọ̀rọ̀ aṣínà àti owó crypto ẹni lọ. Orí kọ̀ǹpútà tí kò ní nǹkan kan nínú, tàbí lórí ìkànnì tí kóòdù ti ń ṣiṣẹ́ lọ́tọ̀, ni kí ẹ ti ṣí i. Bí ẹnikẹ́ni bá sì ní kí ẹ yá òun ní àkáǹtì yín lórí LinkedIn tàbí Upwork, àwọn ìkànnì tí a fi ń wáṣẹ́, kí òun máa fún yín lówó lóṣooṣù, ẹ kọ̀ ọ́. Orúkọ yín ló fẹ́ fi bo tirẹ̀ mọ́lẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò tó jẹ́ kìkì àtẹ̀jíṣẹ́ ló jẹ́ gbájúẹ̀ o. Automattic, ilé iṣẹ́ tó ni WordPress.com, ti pẹ́ tó ti ń fi ọ̀rọ̀ títẹ̀ bá àwọn tó ń wáṣẹ́ sọ̀rọ̀, ó sì máa ń sanwó iṣẹ́ ìdánwò fún wọn. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé lẹ́tà ti orí àdírẹ́sì ilé iṣẹ́ wá, owó sì ń bọ̀ wá sọ́dọ̀ yín dípò kó máa lọ.

2. Ẹ fèsì, kí ẹ sì mú aago dájú

Ẹ fèsì kí wákàtí 24 tó pé. Èsì kò gbọdọ̀ gùn: ẹ dúpẹ́, ẹ mú àkókò mẹ́ta tó rọ̀ yín lọ́rùn wá, ẹ kọ aago tiwọn àti ti Nàìjíríà pọ̀ sójú kan. Ẹ bi wọ́n pé àwọn wo ni yóò wà lórí ìpè, ìṣẹ́jú mélòó ni yóò gbà, ìpele mélòó ló kù lẹ́yìn rẹ̀. Ilé iṣẹ́ tó mọ ohun tó ń ṣe máa ń dáhùn wọ̀nyí láìjanpata.

Ọ̀rọ̀ aago ti ba iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ́. Aago Nàìjíríà kì í yí láàárín ọdún, àmọ́ tiwọn ń yí. Ní Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n ń sún aago síwájú ní Sunday tó kẹ́yìn oṣù kẹta, wọ́n á dá a padà ní Sunday tó kẹ́yìn oṣù kẹwàá. Amẹ́ríkà ń sún tiwọn ní Sunday kejì oṣù kẹta, wọ́n á dá a padà ní Sunday àkọ́kọ́ oṣù kọkànlá. Nítorí náà, aago mẹ́wàá àárọ̀ London jẹ́ aago mọ́kànlá níbí ní oṣù kìíní, ṣùgbọ́n aago mẹ́wàá kan náà ni ní oṣù keje. Aago méjì ọ̀sán New York jẹ́ aago mẹ́jọ alẹ́ wa ní oṣù kìíní, aago méje ní oṣù keje. Aago mẹ́sàn-án àárọ̀ San Francisco jẹ́ aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ní oṣù kìíní, aago márùn-ún ní oṣù keje. Àwọn ará New York a sì máa kọ “EST” (aago wọn tí wọn kò tíì sún) ní ìgbà ooru tiwọn, nígbà tí ó ti di EDT (èyí tí wọ́n ti sún síwájú). Ẹ kọ orúkọ ìlú sínú èsì yín, “aago méjì ní New York”, kò ní sí àṣìṣe.

Ọjọ́ náà ní ewu tirẹ̀. 03/04 lọ́dọ̀ ará Amẹ́ríkà jẹ́ ọjọ́ kẹrin oṣù kẹta, ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ wa àti lọ́dọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì ọjọ́ kẹta oṣù kẹrin ni. Ẹ fi ọ̀rọ̀ kọ orúkọ oṣù nígbà gbogbo.

3. Iná, nẹ́tíwọ̀ọ̀kì àti ariwo

Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé iná ọba ní wákàtí yẹn, ẹ ṣe é bí ẹni pé kò ní sí. Láptọ́ọ̀pù ń jẹ nǹkan bíi wáàtì 50, router wáàtì 10, gílóòbù LED wáàtì 10. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 70. Bátìrì inverter 12V tó jẹ́ 100Ah ní 1,200Wh nínú, ìyẹn agbára tó lè gbé wáàtì 1,200 fún wákàtí kan. Bí ó bá jẹ́ bátìrì olómi tàbí tubular, ìdajì péré ni kí ẹ lò kó má baà tètè kú, ìyẹn 600Wh. Inverter fúnra rẹ̀ ń jẹ díẹ̀ níbẹ̀, ẹ ó rí nǹkan bíi wákàtí méje lò.

Ẹni tí kò ní inverter lè fi ohun mẹ́ta gbé e: láptọ́ọ̀pù tó kún dẹ́nu, UPS kékeré 12V (bátìrì tó ń gbé e bí iná bá lọ) fún router, àti power bank 20,000mAh tó lè tú wáàtì 65 jáde láti ojú USB-C. Power bank yẹn ní nǹkan bíi 74Wh nínú. Lẹ́yìn èyí tó bá ṣòfò, ó tó láti tún bátìrì láptọ́ọ̀pù 50Wh kún lẹ́ẹ̀kan sí i. Power bank olówó pọ́ọ́kú tó ń tú wáàtì 10 kò lè ran láptọ́ọ̀pù lọ́wọ́, bó ti wù kí nọ́ńbà ara rẹ̀ pọ̀ tó. Ẹ dán gbogbo rẹ̀ wò lọ́jọ́ méjì ṣáájú: ẹ pa iná ilé fún wákàtí kan, kí ẹ wo èyí tó máa kọ́kọ́ kú.

Ní ti nẹ́tíwọ̀ọ̀kì, Zoom fẹ́ ìyára nǹkan bíi 1.2 Mbps ní ìgòkè (upload) àti ní ìsọ̀kalẹ̀ (download) fún fídíò 720p tó mọ́lẹ̀ dáadáa láàárín ènìyàn méjì, yóò sì jẹ dátà tó tó gíìgì kan ní wákàtí kan. Ìsọ̀kalẹ̀ nìkan ni ọ̀pọ̀ ń wò nígbà tí wọ́n bá dán ìyára wò. Ìgòkè ló ń gbé ojú àti ohùn yín lọ, òun ló sì máa ń kọ́kọ́ já wa kulẹ̀. Wákàtí tí ìpè máa wáyé gan-an ni kí ẹ dán an wò, fún ọjọ́ mẹ́ta, torí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì tó dán ní aago mọ́kànlá àárọ̀ lè má ṣe é lò ní aago mẹ́jọ alẹ́ tí gbogbo àdúgbò ti dé sílé.

Ẹ ní nẹ́tíwọ̀ọ̀kì méjì láti ọ̀dọ̀ ilé iṣẹ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. SIM méjì ti ilé iṣẹ́ kan náà kò wúlò níbí, òpó kan náà ni wọ́n ń lò. Ẹ ti so láptọ́ọ̀pù mọ́ hotspot fóònù yín rí ṣáájú ọjọ́ náà, kó lè jẹ́ pé ẹ kàn máa yí i ni. Ẹ dá ìmúdójúìwọ̀n (update) Windows dúró, ẹ pa gbogbo ohun tó ń gbé fọ́tò lọ sórí ìkùukùu (cloud). Bí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì bá ń falẹ̀ síbẹ̀, ẹ pa kámẹ́rà: ohùn nìkan kì í fẹ́ tó 0.1 Mbps.

Ariwo tó burú jù lọ́dọ̀ wa ni òjò lórí páànù, kò sì sí ẹ̀rọ tó lè bò ó tán. Ní ìgbà òjò, yàrá tó ní sílìn tàbí ilé ìsàlẹ̀ nínú ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ló dára. Ẹ mọ wákàtí ìrun àti ìsìn àdúgbò yín, kí ẹ má mú àkókò tó kọlù ú bí ẹ bá lè yàn. Íápíìsì oníwáyà tó ní máíkì nítòsí ẹnu sàn ju aláìníwáyà lọ, torí ọ̀pọ̀ Bluetooth ló ń ba ohùn jẹ́ bí máíkì rẹ̀ bá ti ń ṣiṣẹ́. Ẹ kọjú sí fèrèsé, ẹ má kọ ẹ̀yìn sí i, kí ojú yín má baà ṣókùnkùn. Ẹ to ìwé sábẹ́ láptọ́ọ̀pù títí kámẹ́rà á fi dọ́gba pẹ̀lú ojú.

4. Ìtàn mẹ́fà, pẹ̀lú “mo”

Ẹ tẹ ìwé ìpolówó iṣẹ́ náà sílẹ̀, kí ẹ fa ohun márùn-ún sí mẹ́fà tí wọ́n ń béèrè yọ. Fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ múra ìtàn kan tó ní ẹ̀yà mẹ́rin: bí nǹkan ṣe rí, ohun tó já sí yín lọ́wọ́, ohun tí ẹ ṣe, ohun tó tìdí rẹ̀ yọ. Ẹ̀yà kẹta ni kó gùn jù. Ìṣẹ́jú méjì ni kí ìtàn kọ̀ọ̀kan gbà. Ẹ fi fóònù gba ohùn yín sílẹ̀ kí ẹ gbọ́ ọ.

Ibí yìí ni ẹ̀kọ́ ilé ti ń ṣe wá lọ́ṣẹ́. Wọ́n tọ́ wa pé ẹni tó ń wí pé “èmi ni mo ṣe é” ń gbéra ga, a sì máa ń sọ pé “a ṣe é, a dúpẹ́.” Ẹni tó jókòó sí Manchester tó ń kọ ọ̀rọ̀ yín sílẹ̀ kò ní mọ èyí tó jẹ́ tiyín nínú “a” yẹn, òfo ló sì máa kọ. Ẹ sọ ti ẹgbẹ́, kí ẹ sì ya tiyín sọ́tọ̀. Báyìí ló ṣe lè rí: “Lẹ́tà 140 ló wà nílẹ̀ tí a kò tíì dáhùn. Èmi ni wọ́n gbé ọ̀rọ̀ owó tó há lé lọ́wọ́. Mo to àwọn tó jọra pọ̀, mo kọ ìdáhùn àwòṣe mẹ́fà, mo sì pe báńkì fún àwọn 11 tí kò bá àwòṣe mu. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́sàn-án, 12 ló kù.” Kò sí ìgbéraga níbẹ̀, òtítọ́ tó ní iye ni. Ẹ má fi iye tí kò sí kún un, torí wọ́n lè pe ọ̀gá yín àtijọ́.

5. Nígbà tí ìpè bá bẹ̀rẹ̀

Ẹ wọlé ní ìṣẹ́jú márùn-ún ṣáájú. Bí wọ́n bá sọ orúkọ ara wọn fún yín, orúkọ yẹn ni kí ẹ máa pè wọ́n. “Sir” àti “ma” nínú gbogbo gbólóhùn máa ń mú kí wọ́n rò pé ẹ̀rù ń bà yín. Ẹ̀kọ́ wa ní kí a má wo àgbà lójú, ṣùgbọ́n lórí fídíò, ẹni tí kò wo kámẹ́rà dà bí ẹni tó ń ka ìwé lábẹ́lẹ̀. Ihò kámẹ́rà ni kí ẹ wò bí ẹ bá ń sọ̀rọ̀, kí ẹ wo ojú wọn bí wọ́n bá ń sọ tiwọn.

Bí ẹ kò bá gbọ́ ohùn wọn yékéyéké, ẹ ní kí wọ́n tún un sọ. Ìtìjú ibẹ̀ kò tó ti kéèyàn dáhùn ohun tí wọn kò béèrè. Bí ìpè bá já, ẹ padà wọlé, ẹ tọrọ gáfárà lẹ́ẹ̀kan péré, ẹ sọ ibi tí ẹ dúró sí, kí ẹ máa bá a lọ. Kí ẹ ti ní ímeèlì ẹni náà ní ṣíṣí lórí fóònù, kí ẹ lè kọ gbólóhùn kan sí i bí ìṣẹ́jú méjì bá kọjá tí ẹ kò lè wọlé.

Wọ́n á béèrè nípa iná, ó dájú. Ẹ má sọ pé kò sí wàhálà níbí, ẹ má sì ro ẹjọ́ ìjọba. Ohun tí ẹ ní ni kí ẹ kà fún wọn: inverter tó gbé wákàtí méje, nẹ́tíwọ̀ọ̀kì méjì, ibì kan pàtó tí ẹ máa ń lọ bí méjèèjì bá kùnà, àti iye ìṣẹ́jú tí ẹ fi ń dé ibẹ̀.

6. Iṣẹ́ ìdánwò

Wákàtí kan sí mẹ́ta tọ́. Bí ó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, tàbí tó jẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n máa lò fún oníbàárà wọn gan-an, ẹ béèrè owó rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́.

Èyí tó wọ́pọ̀ nínú iṣẹ́ dídá oníbàárà lóhùn ni lẹ́tà ẹni tí inú ń bí, tí wọ́n yọ owó rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ìdáhùn tó dáa ń tẹ̀ lé ọ̀nà yìí: gbólóhùn kan tó fi hàn pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ yé yín, pẹ̀lú iye owó àti ọjọ́ tó kọ, ohun tí ẹ ti ṣe, ohun tí òun gbọ́dọ̀ ṣe, bí ó bá wà, ìgbà tí yóò tún gbọ́ látọ̀dọ̀ yín. Ẹ bẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, kì í ṣe lẹ́ẹ̀mẹrin. Èyí tó ń ba ti ọ̀pọ̀ jẹ́ ni kí wọ́n ṣèlérí pé owó á dé lọ́la, nígbà tó jẹ́ pé báńkì ló mọ ọjọ́ náà. Ẹ ṣèlérí ohun tó wà ní ìkáwọ́ yín: “Mo máa kọ̀wé sí yín ní Thursday, bí owó bá dé tàbí kò dé.” Ìdáhùn tí AI kọ láti òkè dé ìsàlẹ̀ máa ń hàn, torí kì í mẹ́nu ba ohun tí oníbàárà sọ ní pàtó.

7. Ìbéèrè tiyín, àti iye owó

Ẹ bi wọ́n: báwo ni ẹgbẹ́ ṣe ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ láàárín ọ̀sẹ̀? Wákàtí mélòó ni gbogbo wa gbọ́dọ̀ wà lórí ìlà pọ̀? Kí ni ẹ ó wò lẹ́yìn oṣù mẹ́ta láti mọ̀ pé ẹni tí ẹ gbà ń ṣe dáadáa? Ilé iṣẹ́ tó ti mọ iṣẹ́ àtiléṣe lára ní ìdáhùn sí wọ̀nyí nínú ìwé. GitLab, ilé iṣẹ́ kọ̀ǹpútà tí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ láti ilé, gbé ìwé ìlànà iṣẹ́ rẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì fún gbogbo ayé. Ẹ kà á, kí ẹ mọ ohun tó yẹ kí ẹ máa retí níbòmíràn.

Tí wọ́n bá béèrè iye tí ẹ fẹ́ gbà, ẹ má sọ pé ohunkóhun tí wọ́n bá fún yín. Ìṣirò rẹ̀ rèé. Ká ní ẹ fẹ́ kí 1,000 dọ́là máa wọlé lóṣù, ìyẹn 12,000 lọ́dún. Ẹ fi owó orí, dátà, epo jẹnẹrétọ̀ àti ìtọ́jú ìlera kún un. Ká ní ó jẹ́ 3,000, ó di 15,000. Agbaṣẹ́ṣe (contractor), ẹni tó ń ṣiṣẹ́ fún ilé iṣẹ́ láìjẹ́ òṣìṣẹ́ rẹ̀, kì í sábà gba owó ìsinmi, nítorí náà ọ̀sẹ̀ 48 ni kí ẹ kà dípò 52. Ní wákàtí 40 lọ́sẹ̀, ó jẹ́ wákàtí 1,920. Bí ẹ bá pín 15,000 sí 1,920, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 8 dọ́là ní wákàtí. Iye yẹn kọ́ lẹ máa sọ o; òun ni ẹ kò gbọdọ̀ sọ̀kalẹ̀ kọjá. Òfin ìlú New York láti oṣù kọkànlá 2022 àti ti California láti oṣù kìíní 2023 mú un ní dandan fún ọ̀pọ̀ agbanisíṣẹ́ láti kọ owó sínú ìpolówó iṣẹ́, nítorí náà ẹ wò ó níbẹ̀ kí ẹ tó dá iye lé e. Dọ́là ni kí ẹ sọ, kì í ṣe náírà.

8. Ìwé àdéhùn

Ẹ má fi iṣẹ́ tí ẹ ní lọ́wọ́ sílẹ̀ nítorí ọ̀rọ̀ ẹnu. Nínú ìwé náà, ẹ wá iye owó àti irú owó, ọjọ́ tí wọ́n ń san án, ẹni tó ń ru owó ìfiránṣẹ́, wákàtí iṣẹ́ àti aago ìlú tí wọ́n fi ń kà á, ọjọ́ ìsinmi, iye ọjọ́ ìfitónilétí kí ẹnikẹ́ni tó fòpin sí i, àti ẹni tó ni irinṣẹ́. Ẹ wò ó bóyá agbaṣẹ́ṣe ni wọ́n pè yín tàbí òṣìṣẹ́. Bí wọ́n bá gbà yín gẹ́gẹ́ bí òṣìṣẹ́ nípasẹ̀ ilé iṣẹ́ bíi Deel tàbí Remote, tó ń gba òṣìṣẹ́ fún àwọn ilé iṣẹ́ òkè òkun, àwọn ni yóò máa yọ owó orí. Bí ẹ bá jẹ́ agbaṣẹ́ṣe, ẹ̀yin fúnra yín ni.

Ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà máa ń fún agbaṣẹ́ṣe tó wà lókè òkun ní fọ́ọ̀mù W-8BEN, tó ń jẹ́rìí pé ẹ kì í ṣe ará Amẹ́ríkà. W-9 wà fún ará Amẹ́ríkà. Bí wọ́n bá ṣèèṣì fi W-9 ránṣẹ́ sí yín, ẹ má buwọ́ lù ú, ẹ béèrè W-8BEN.

Òfin owó orí tuntun ti Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 2026. ₦800,000 àkọ́kọ́ lọ́dún kò ní owó orí. ₦2,200,000 tó tẹ̀ lé e jẹ́ ìdá 15 nínú 100, ₦9,000,000 tó tún tẹ̀ lé e jẹ́ ìdá 18, ó sì ń gòkè bẹ́ẹ̀. Ẹni tí owó tó yẹ fún owó orí rẹ̀ bá jẹ́ ₦12,000,000 yóò san ₦1,950,000. Ọ́fíìsì owó orí ìpínlẹ̀ yín ni ẹ máa fi ìṣirò ránṣẹ́ sí, kí ọjọ́ 31 oṣù kẹta tó kọjá. Ẹ máa ya ìdá náà sọ́tọ̀ lóṣooṣù, torí àtikó o jọ lẹ́ẹ̀kan náà máa ń nira.

9. Owó àkọ́kọ́

Kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ ṣí àkáǹtì dọ́là ní báńkì, tàbí kí ẹ lo Payoneer, ìkànnì tí a fi ń gba owó láti òkè òkun, bí ilé iṣẹ́ náà bá ń sanwó síbẹ̀. Orúkọ tó wà lórí àkáǹtì gbọ́dọ̀ bá ti ìwé àdéhùn mu, títí kan bí wọ́n ṣe tò ó. Owó a máa padà sẹ́yìn nítorí orúkọ àárín tó sọnù. Ẹ fi ìwé owó iṣẹ́ yín ránṣẹ́ ní ọjọ́ márùn-ún ṣáájú ọjọ́ ìsanwó. Bí ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́ta bá kọjá tí owó kò wọlé, ẹ má dúró, ẹ má sì bínú: ẹ béèrè ẹ̀rí SWIFT (ètò tí àwọn báńkì fi ń fowó ránṣẹ́ láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn) tó ní nọ́ńbà ìdánimọ̀ owó náà, UETR, lọ́wọ́ ẹni tó sanwó, kí ẹ gbé e lọ sí báńkì yín. Nọ́ńbà yẹn ni wọ́n fi ń wá ibi tí owó há sí lójú ọ̀nà.